Ta Ni Yóò Máa Sọ Fún Wa Pé Káàdì Kan Jẹ́ Ojúlówó?

Lọ́dún 1986, ilé iṣẹ́ Fleer ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù, tẹ káàdì 132 jáde, àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n ló sì wà lára wọn. Michael Jordan ni nọ́ńbà 57. Nọ́ńbà 82 jẹ́ ti ọmọ Èkó kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ní Akeem Olajuwon, torí pé ó di ọdún 1991 kí òun fúnra rẹ̀ tó fi lẹ́tà H síwájú orúkọ náà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn ọmọdé fi ń ra irú káàdì bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní ọdún 2021, wọ́n ta káàdì Jordan tó gba máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá fún bó ṣe dára sí ní 738,000 dọ́là ní gbàǹjo. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà náà, káàdì kan ṣoṣo ti Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó kó lọ sí Gíríìsì, ti pa 1.812 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, káàdì Mickey Mantle, ògbóǹtarìgì eléré baseball, tí ilé iṣẹ́ Topps tẹ̀ lọ́dún 1952, pa 12.6 mílíọ̀nù dọ́là. Páálí tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni gbogbo wọn. Bébà àti tàdáwà tó wà lára wọn kò níye lórí. Ohun tí àwọn èèyàn ń sanwó lé ni ìdánilójú pé páálí yìí gan-an, kì í ṣe òmíràn tó jọ ọ́, ló jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tó sì la gbogbo ọdún tó wà láàárín kọjá. Ìdánilójú yìí ni mo gbà pé ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń bọ̀ fẹ́ gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń kó káàdì jọ. Mi ò sọ pé ayédèrú máa kún ọjà nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa kún un. Èyí tó burú jù ni pé agbára láti mọ ojúlówó yóò kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, yóò bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ní ẹ̀rọ, tó sì ní àkójọ àwòrán, a ò sì ní ní ohunkóhun lọ́wọ́ tí a lè fi yẹ̀ wọ́n wò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ títí di òní. Kò sí awo kankan níbẹ̀, ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá fara balẹ̀ lè kọ́ ni. Káàdì Honus Wagner, eléré baseball, wà nínú ọ̀wọ́ tí ilé iṣẹ́ sìgá kan, American Tobacco Company, tẹ̀ láàárín ọdún 1909 sí 1911, ó sì ṣọ̀wọ́n débi pé nǹkan bí 60 péré ni wọ́n gbà pé ó kù láyé. Ọ̀nà ìtẹ̀wé lithography ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ kan lé àwọ̀ mìíràn lórí. Bí èèyàn bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, àwọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni yóò rí, kò ní rí àwọn àmì tóótòòtó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní. Bébà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn tó ń ṣe bébà ti ń po kẹ́míkà tó ń mú kó funfun kinkin mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tan iná UV sí i, irú iná tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì fi ń yẹ owó wò, bébà tuntun á tàn yanran, bébà ọdún 1909 kò ní tàn. Ti káàdì Jordan tún yàtọ̀. Lára ojúlówó, dúdú kan náà ni lẹ́tà látòkè délẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ayédèrú, lẹ́tà náà fọ́ sí tóótòòtó, torí pé ńṣe ni oníjìbìtì ya fọ́tò káàdì tó ti parí, ó ya àwòrán àti lẹ́tà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde bí ohun kan ṣoṣo.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe ayédèrú kò lè padà síbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà látara àwòrán ló ń tẹ̀, àbùkù ìgbésẹ̀ tó fò sì máa ń hàn lára iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ń wọlé nìyí. Ẹ̀rọ AI tí wọ́n bá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ojúlówó kọ́ lè ya àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ó fi lẹ́tà sí ipò tirẹ̀, kí ó sì tún àwọn àmì inú àwòrán náà tò bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó tẹ káàdì àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò wọ́n mọ́. Bébà àtijọ́ gan-an kò ṣòro rí, nítorí káàdì tí kò níye lórí látinú ọdún kan náà pọ̀ lọ jàra, ẹni tó bá sì lè pa àwòrán tó wà lára wọn rẹ́ ti ní bébà tí iná UV kò lè tú fó. Ẹ̀rọ tó ń di kálàmù mú tó sì ń buwọ́ lùwé ti wà tipẹ́, àwọn òṣèlú Amẹ́ríkà ń lò ó. Bí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún ìbuwọ́lùwé eléré kan kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó lè kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó yàtọ̀ díẹ̀ síra, bí ọwọ́ èèyàn ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ lásán ni àwọn oníjìbìtì tí FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, mú nínú iṣẹ́ ìwádìí Operation Bullpen lò ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ wọ́n ti kó ìbuwọ́lùwé ayédèrú kún Amẹ́ríkà. Lára ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ni bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n fi orúkọ Mother Teresa sí. Bí ọwọ́ lásán bá ṣe tó báyìí, ó yẹ ká bẹ̀rù ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ mí lóminú jù lọ kò sí lára káàdì fúnra rẹ̀. Ó wà lára ẹ̀rí tí a fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 2019, àwọn olùkójọ kan, tí ẹnikẹ́ni kò gbà síṣẹ́, jókòó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi fọ́tò àwọn káàdì tí wọ́n tà ní gbàǹjo látẹ̀yìnwá wé ti àwọn tó ń lọ lórí àtẹ lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n rí i pé káàdì kan tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú etí tó bó tàbí àbàwọ́n lára ti padà dé pẹ̀lú etí tó mú ṣánṣán, ilé iṣẹ́ tó ń fún káàdì ní máàkì sì ti fún un ní máàkì gíga. Wọ́n rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ FBI. Lọ́dún 2025, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lágbo káàdì Pokémon, tí kì í ṣe ti eré ìdárayá ṣùgbọ́n tí ọjà wọn jọ ń lọ lọ́nà kan náà. Àwọn káàdì kan tí wọ́n ní wọ́n jẹ́ àpẹẹrẹ àkọ́ṣe láti nǹkan bí ọdún 1996 ti gba ìwé ẹ̀rí ojúlówó, wọ́n sì ti tà wọ́n lówó ńlá. Àwọn olùkójọ ló yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, wọ́n sì rí àwọn àmì aláwọ̀ ìyeyè tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní máa ń fi sára bébà láti fi ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ hàn. Ọdún 2024 ni àmì náà kà. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, àwọn tó gba owó láti yẹ káàdì wò ni ojú wọn fò ó, àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ ló sì tú àṣírí náà, torí pé ẹ̀rí wà ní gbangba níbi tí gbogbo ojú lè dé. Fọ́tò àtijọ́ ni ohun ìjà wọn. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá lè dá fọ́tò àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wù ú, kí ó ṣe ìwé gbàǹjo ọdún 1985 tí kò sí rí, kí ó kọ lẹ́tà bàbá àgbà tó ní òun ra káàdì náà lọ́mọdé, ohun ìjà yẹn ti kúrò lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Fọ́tò tí èèyàn á lè gbára lé á wá ku èyí tó wà nínú àká ilé iṣẹ́, tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tí kọ́kọ́rọ́ àká náà máa wà lọ́wọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ PSA bẹ̀rẹ̀ sí í fún káàdì ní máàkì lọ́dún 1991, wọ́n á sì fi káàdì tí wọ́n bá fún ní máàkì sínú ike. Káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní máàkì ni ọ̀kan nínú àwọn Wagner yẹn, èyí tó ti wà lọ́wọ́ Wayne Gretzky, ògbóǹkangí eléré hockey. Wọ́n fún un ní mẹ́jọ. Lọ́dún 2013, Bill Mastro, oníṣòwò tó ra káàdì náà ní 25,000 dọ́là lọ́dún 1985, jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Chicago pé òun gé etí rẹ̀ kó lè dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ìyẹn ni pé káàdì tí gbogbo ètò máàkì yìí fi bẹ̀rẹ̀ kò yẹ fún máàkì tí wọ́n fún un. Èèyàn ló ṣe àṣìṣe yẹn, a sì lè sọ pé ẹ̀rọ kò ní ṣe irú rẹ̀. Lọ́dún 2021, ilé iṣẹ́ Collectors, tó ni PSA, ra Genamint, tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń ya àwòrán káàdì kọ̀ọ̀kan débi pé bó bá padà wá lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e tàbí fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á dá a mọ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, ilé iṣẹ́ Collectors yìí ra Goldin, ọ̀kan lára àwọn ilé gbàǹjo tó tóbi jù lágbo káàdì, ó sì di ọdún 2024 kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, tí ó bọ́ sọ́wọ́ eBay. Lọ́dún 2024 yìí náà ni Collectors tún ra SGC, tó jẹ́ orogún PSA nídìí iṣẹ́ máàkì, àwọn tó fún káàdì Mantle olówó gọbọi yẹn ní mẹ́sàn-án ààbọ̀. PSA tún ní àká tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú káàdì. Fún bí ọdún mẹ́ta, ọwọ́ kan náà ló ń sọ ohun tí káàdì jẹ́, tó ń tà á, tó tún ń jẹ èrè lórí títà rẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n hu ìwà àìtọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí wọ́n bá hù ú, kò sí ẹni tó wà níta tó máa mọ̀.

Àwọn kan á sọ pé ayédèrú kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, pé gbogbo ìgbà tí oníjìbìtì bá gbọ́n sí i ni olùṣọ́ náà ń gbọ́n sí i. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Upper Deck gbé káàdì àkọ́kọ́ wọn jáde lọ́dún 1989, wọ́n fi hologram sára rẹ̀ kí ó má bàa ṣeé ṣe fún oníjìbìtì, ọjà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí eré ìje náà ń gbé wa lọ. Awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ni olùṣọ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè rà á. Ó kan iná UV, ìyẹn náà kò wọ́n. Èyí tó kàn báyìí ni ẹ̀rọ tó nílò àwòrán ọ̀kẹ́ àìmọye káàdì kó tó lè ṣiṣẹ́, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ńlá. Olùṣọ́ lè borí nínú ìje náà lóòótọ́, kí olùkójọ sì pàdánù síbẹ̀. Àwọn oníjìbìtì náà ti mọ ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé kó lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní New York fẹ̀sùn kan ọkùnrin méjì pé wọ́n fi káàdì lu jìbìtì tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Wọ́n ní ojúlówó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàdì náà, ike tó bò wọ́n àti ìwé máàkì tó wà lórí rẹ̀ ni ayédèrú. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ da ara wọn láàmú lórí páálí mọ́. Ẹni tó ń rà kò wo páálí, máàkì ló ń wò.

Ẹlòmíràn á sọ pé ẹ̀rọ sàn ju èèyàn lọ, pé ó rẹ èèyàn, ó ń kánjú, ó sì ní ẹni tó fẹ́ràn, àti pé gbogbo olùkójọ ló mọ̀ pé èèyàn lè fọ́ ike káàdì tó gba mẹ́jọ, kó tún fi í ránṣẹ́, kó sì gba mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kejì. Mo gbà pátápátá. Bó bá jẹ́ pé kí ẹ̀rọ wọn bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin káàdì ṣe gún sí ni, ẹ̀rọ ni kó ṣe é. Àríyànjiyàn mi kò sí lórí ta ló ń wọn ọ́n. Bí èèyàn bá sọ pé wọ́n ti gé káàdì kan, a lè bi í pé níbo, á sì nàka síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ AI bá sọ pé káàdì kan jẹ́ ayédèrú, ìdáhùn rẹ̀ lè má ju nọ́ńbà kan lọ, kódà ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà lè má lè ṣàlàyé bó ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ káàdì bàbá rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tó máa gbé ẹjọ́ lọ. Ẹ̀rọ tó ń dájọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kò lè bi ní ìbéèrè.

Ti àwọn tó ní kí a fi ètò blockchain tọ́jú ìtàn káàdì kọ̀ọ̀kan kò gba àlàyé gígùn. Àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà dára, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń kọ, kò lè wo inú ike kó mọ̀ bóyá páálí àná ló ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, àti ilé iṣẹ́ Dapper Labs gbìyànjú láti yọ páálí kúrò pátápátá, wọ́n gbé Top Shot jáde lọ́dún 2020, fídíò kéékèèké ni wọ́n ń tà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ẹnì kan san 208,000 dọ́là fún fídíò kan tó jẹ́ ti LeBron James, agbábọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Kò pẹ́ tí ọjà náà fi dẹnu kọlẹ̀, páálí ṣì ń tà. Àwọn èèyàn fẹ́ ohun tí wọ́n lè gbé sọ́wọ́. Nípa ti fífi chip sínú káàdì, ó lè dáàbò bo èyí tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́la, kò lè ṣe nǹkan kan fún ti ọdún 1909.

Mo mọ̀ pé òǹkàwé kan lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló kàn wá nínú eré àwọn olówó Amẹ́ríkà. Olówó kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa kọ́kọ́ dùn, torí ẹni tó bá fẹ́ ra káàdì mílíọ̀nù dọ́là lè háyà onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ ra káàdì dọ́là márùn-ún ni kí ẹ bá káàánú, torí owó tí wọ́n ń gbà láti fún káàdì ní máàkì ju iye tí káàdì tirẹ̀ tó lọ. Ọjọ́ tí ọjà bá ti pinnu pé èyí tí kò sí nínú ike kò ṣeé gbà gbọ́, káàdì tirẹ̀ ti di bébà lásán, àti ìmọ̀ tó ti kọ́ nípa lẹ́tà, àwọ̀ àti etí káàdì kò wúlò mọ́. A ti rí ohun tó jọ ọ́ nílé. Ní ọjà Ìtokú l'Abẹ́òkúta, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ tí ìyá aláró fi ọwọ́ rẹ, owó aṣọ ẹ̀rọ náà sì kéré sí ti àdìrẹ. Ohun tó ṣì ń gba àwọn aláró là ni pé oníbàárà tó mọ aṣọ lè yí i padà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá aró ti wọ̀ ọ́ dénú. Bí ẹ̀rọ bá mú ọ̀nà àtimọ̀ yẹn kúrò, tó wá di pé ilé iṣẹ́ kan ló máa fi òǹtẹ̀ lu àdìrẹ kó tó lè tà, ẹni tó ni òǹtẹ̀ ló ni ọjà, ìyá aláró á sì di alágbàṣe rẹ̀. Ohun tó ń bọ̀ lágbo káàdì nìyẹn.

Àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé kí àkójọ àwòrán tó tóbi kọjá ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe irú rẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá gba owó láti fún káàdì ní máàkì gbọ́dọ̀ gbé àwòrán rẹ̀ síta, kó hàn kedere, tojú tẹ̀yìn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà á, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí àkójọ yẹn sì wà lọ́wọ́ ilé ìkàwé tàbí yunifásítì kan tí kò ní èrè nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ káàdì kan, kí wọ́n nàka síbi tó ti rí àbùkù. Ẹni tó ń fúnni ní máàkì kò gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú ilé gbàǹjo. Òfin kan tilẹ̀ wà tí wọ́n lè gbé àtúnṣe náà lé. Láti ọdún 1973 ni Amẹ́ríkà ti ní Hobby Protection Act, tó sọ pé ẹni tó bá ṣe àwòkọ ẹyọ owó àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ COPY sí i lára ketekete, kí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ má bàa kó sọ́wọ́ oníjìbìtì. Òfin náà kan àwọn ohun ìpolongo ìbò àtijọ́ pẹ̀lú, kò kan káàdì eléré ìdárayá. Lọ́dún 2014, Kọ́ńgírẹ́sì tún un ṣe, ó wá kan ẹni tó ń ran oníjìbìtì lọ́wọ́ àti ẹni tó ń tà á, síbẹ̀ wọn kò dárúkọ káàdì. Ẹni tó bá tẹ àwòkọ Mantle lónìí kò rú òfin yẹn, kódà bí wọ́n bá gbá a mú níbi tó ti ń tà á bí ojúlówó; òfin mìíràn tó de jìbìtì ni wọ́n á fi mú un. Káàdì tí wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù méjìlá dọ́là yẹ fún ààbò tí òfin ti fún ẹyọ owó láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ti ọmọ ilé ìwé tó ra tirẹ̀ ní dọ́là márùn-ún sì yẹ fún un pẹ̀lú.